Ẹ̀bùn tí í gbé ẹgbẹ́ eléré ró: ẹ̀kọ́ láti ilé eré mẹ́ta ní New York

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, New York City Opera ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ti tó àádọ́rin ọdún tí ilé eré yìí ti ń ṣe ọpẹ́rà, ìyẹn eré tí a ń fi orin sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olórí ìlú New York ìgbà kan, Fiorello La Guardia, ni ó pè é ní ọpẹ́rà àwọn ará ìlú. Ohùn àwọn olórin rẹ̀ kò tíì há, àwọn onífèrè rẹ̀ kò sì gbàgbé iṣẹ́ wọn. Owó ni ó tán. Ní ìlú kan náà, ilé ẹ̀kọ́ orin tí a fi ogún ọkùnrin kan tí ó kú ní 1919 dá sílẹ̀ ṣì dúró gbọn-in. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Ìbéèrè yìí kan gbogbo ìlú tí kò bá fẹ́ kí ijó, orin àti eré rẹ̀ parun.

Owó ìwọlé nìkan kò tó

Ẹni tí ó bá wo eré lálẹ́ ọjọ́ kan lè rò pé owó tí òun san ní ẹnu ọ̀nà ni ó gbé gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí eré ọjọ́ kan tó wáyé, àwọn òṣèré ti fi oṣù púpọ̀ kọ́ ọ. Aránṣọ ti rán aṣọ, káfíńtà ti kan pákó, olùkọ́ ti kọ́ni. Gbogbo wọn ni yóò gbowó, bẹ́ẹ̀ ni iye àga inú gbọ̀ngàn kì í pọ̀ sí i. Ní ilẹ̀ Faransé, ìjọba ni ó ń gbé apá ńlá nínú ẹrù yìí. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí ìjọba ń mú wá kéré. Ọwọ́ àwọn ọlọ́rẹ ni ẹgbẹ́ eléré ń wò, òfin sì máa ń dín owó orí ẹni tí ó bá fúnni.

Ẹ̀bùn wọ̀nyí pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni owó kékeré tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú wá lọ́dọọdún. Èkejì ni ẹ̀bùn ńlá tí ẹnì kan tàbí àjọ kan fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀bùn àfilẹ̀: ènìyàn pinnu rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún, ẹgbẹ́ sì gbà á lẹ́yìn ọjọ́ rẹ̀.

Ogún tí ó di ilé ẹ̀kọ́

Augustus D. Juilliard jẹ́ oníṣòwò aṣọ, ọmọ àwọn òbí tí wọ́n ti ilẹ̀ Faransé ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kò bímọ. Nígbà tí ó kú ní 1919, ìwé ìhágún rẹ̀ fi apá ńlá nínú ọrọ̀ rẹ̀ lélẹ̀ fún ìtẹ̀síwájú iṣẹ́ orin. Ní 1920 a dá àjọ kan sílẹ̀ láti bójú tó owó náà; ní 1924 ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ka ijó dé ní 1951, ẹ̀ka eré orí ìtàgé sì dé ní 1968. Juilliard kò rí ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ohun tí ó fẹ́ kí owó rẹ̀ ṣe, ó sì jẹ́ kí ó wà nínú ìwé.

Ẹgbẹ́ tí ó kú díẹ̀, tí ó sì jí

Arthur Mitchell ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó di àgbà oníjó ní New York City Ballet. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King ní 1968, ó pinnu láti padà sí Harlem, àdúgbò tí wọ́n bí i sí, kí ó lè kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ijó balẹ́. Ní 1969, òun àti Karel Shook dá Dance Theatre of Harlem sílẹ̀. Owó ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi sí i. Kò pẹ́ tí àjọ Ford fi ẹ̀bùn tí ó lé ní 300,000 dọ́là ràn án lọ́wọ́, pẹ̀lú àdéhùn kan: ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ wá owó níbòmíràn pẹ̀lú, kí ti àjọ lè kún un. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí olùgbà jókòó tẹtẹrẹ.

Síbẹ̀, ní 2004, gbèsè tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là dá àwọn oníjó àgbà náà dúró. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kò parẹ́, ṣùgbọ́n ọdún 2012 ni àwọn àgbà tó padà sórí ìtàgé. Ní 2021, MacKenzie Scott fún ẹgbẹ́ náà ní mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là, láìpàṣẹ bí wọn yóò ṣe ná an. Mitchell ti kú ní 2018. Ẹ̀bùn náà bá iṣẹ́ rẹ̀ láàyè.

Àgbẹ̀ tí ó se irúgbìn jẹ

Ẹ̀bùn ńlá kì í gba ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ tán. Ilé eré tí ó gbọ́n máa ń ya apá kan sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìpìlẹ̀. Wọn kì í ná an. Wọ́n á fi ṣòwò, wọ́n á sì máa mú nǹkan bí ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún fún ìnáwó.

New York City Opera ní owó ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ìṣòro dé ní nǹkan bí 2008, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá nínú rẹ̀ láti fi san owó ojoojúmọ́. Èrè tí owó náà ń mú wá dínkù, ìṣòro sì pọ̀ sí i. Ní 2013, ó kéde pé òun nílò mílíọ̀nù méje dọ́là kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Ó tọrọ mílíọ̀nù kan nínú rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ènìyàn tí ó lé ní 2,000 dáhùn. Gbogbo ohun tí wọ́n dá kò ju nǹkan bí 300,000 dọ́là lọ. Àwọn mìíràn tún orúkọ náà gbé dìde ní 2016, ṣùgbọ́n ilé àtijọ́ ti lọ.

Bí a ti ń tọrọ, bí a ti ń dúpẹ́

Olùfúnni ńlá kì í ṣe àlejò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ti wá wo eré, tí ó ti fi owó kékeré ṣe ìrànwọ́. Olórí ẹgbẹ́ á pè é wá wo ìdánrawò. Á jẹ́ kí ó bá àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bá wá tọrọ, kì yóò sọ pé “ẹ ràn wá lọ́wọ́” lásán. Yóò sọ iye olùkọ́, iye ọdún àti iye owó. Lẹ́yìn náà, yóò jíhìn. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ohun gbogbo gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, títí kan orúkọ. Ní 1973, Avery Fisher fún Lincoln Center ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ààbọ̀ dọ́là, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn orin kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún gbọ̀ngàn náà kọ́ tí wọ́n sì ń wá olùfúnni mìíràn, mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dọ́là ni wọ́n fún ẹbí rẹ̀ kí orúkọ náà tó kúrò. Ní 2015, David Geffen fi ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni gbọ̀ngàn náà ń jẹ́ báyìí.

Nílé wa

Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Benin, Nàìjíríà àti Tógò gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá tí ó yẹ kí gbogbo aráyé dáàbò bò. Iyì ńlá ni fún Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n iyì kì í gbẹ́ igi. Agbẹ́gilére nílò ọmọ iṣẹ́, ìlù nílò awọ, ẹ̀fẹ̀ nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, owó ìdáwó sì lè tó ọdún kan. Kò lè tó ìran kan. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní oko, ilé tí a fi ń gba owó iyàrá tàbí owó ní báńkì lórúkọ ẹgbẹ́, tí ìgbìmọ̀ ń ṣọ́, kò ní bá olówó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí ibojì.

Ohun tí ó ṣòro jù ni ọ̀rọ̀ ìhágún. Ẹni tí ó bá bá àgbàlagbà sọ ọ́ lè dà bí ẹni tí ń retí ikú rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ ni kí a bi í léèrè, kì í ṣe ikú: ijó wo ni bàbá kò fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn gbàgbé? Kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lójú ayé rẹ̀, kí ìjà má bàa dé lẹ́yìn ìsìnkú. Òfin ìdílé ní orílẹ̀-èdè Benin fi ìpín kan pamọ́ fún àwọn ọmọ olóògbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ yóò kọ́kọ́ lọ bá notaire, kí ó mọ ibi tí agbára òun dé. Ìwé kan tí a kọ dáadáa ní ọ̀sán gangan sàn ju ìlérí mẹ́wàá tí a ṣe níbi ijó lọ.