Ẹ Yẹ Kóòdù Yín Wò Kí React Compiler Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ọ̀pọ̀ ìkànnì tí à ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóde òní ni wọ́n fi React kọ, irinṣẹ́ tí iléeṣẹ́ Facebook gbé síta fún gbogbo ayé lọ́dún 2013. Ẹyọ-ẹyọ ni wọ́n ń pín ojú ewé sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń pè ní component: bọ́tìnnì kan, àtẹ ọjà kan. Bí nǹkan bá yí padà nínú ọ̀kan, React a tún un ṣirò, a sì tún gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣirò, kódà bí nǹkan kan kò tilẹ̀ yí padà nínú wọn. Àṣetúnṣe yìí a máa mú kí ojú ewé falẹ̀, pàápàá lórí fóònù tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan.

Tẹ́lẹ̀ rí, àwọn tó ń kọ kóòdù fúnra wọn ló ń fi useMemo àti useCallback sàmì sí ohun tí kò yẹ kí a tún ṣirò. React Compiler, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó ń tọ́jú èsì ìṣirò pamọ́. Bí ohun tí a fi ṣirò kò bá yí padà, èsì àtijọ́ ni yóò mú wá.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe mọ̀ pé nǹkan kò yí padà? Ó gbà pé ẹni tó kọ kóòdù pa òfin React mọ́ ni. Èkínní, bí ohun tí a kó fún component bá jẹ́ ọ̀kan náà, èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Èkejì, a kò gbọdọ̀ yí props tàbí state padà níbi tí wọ́n wà. Tuntun ni kí a ṣe. Ẹ̀kẹta, a kò gbọdọ̀ pe hook lábẹ́ "if".

Ẹ jẹ́ ká wo ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Ọjà mẹ́ta wà nínú agbọ̀n oníbàárà, ó sì fi ẹ̀kẹrin kún un. Bí kóòdù bá fi push ti ẹ̀kẹrin sínú àkójọ àtijọ́, àkójọ kan náà ni lójú compiler, owó ọjà mẹ́ta ni oníbàárà yóò sì máa rí. Irú kóòdù bẹ́ẹ̀ lè ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ láìsí wàhálà, nítorí àṣetúnṣe ìṣirò ló ń bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀dà tuntun eslint-plugin-react-hooks yẹ kóòdù wò. Yóò tọ́ka sí ìlà tó bá rú òfin. Ẹ tan StrictMode, tó ń pe component lẹ́ẹ̀méjì nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, kí àbùkù lè hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ lo compiler lórí fódà kan péré, kí ẹ sì dán an wò. Nínú React DevTools, àmì Memo yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ component tó ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Èyí tó bá rí i pé ó rú òfin, ńṣe ni yóò fò ó. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àbùkù ló lè rí. Bí ọ̀kan bá ń dà yín láàmú, ẹ kọ "use no memo" sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, títí ẹ ó fi tún un ṣe.

Ó dára kí ojú ewé yá, ṣùgbọ́n kí iye owó tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ òótọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.