Ọ̀nà Jíjìn sí Ilé Ìwòsàn: Ewu Ńlá fún Aboyún

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, tí ìtọ́jú kò sì dé, àwọn onímọ̀ ìlera fojú bù ú pé nǹkan bíi wákàtí 2 péré lè tó láti gba ẹ̀mí rẹ̀. Ìrọbí tí ọmọ há sí lè tó ọjọ́ 3 kí ó tó pa ìyá. Nítorí náà, wákàtí ló yẹ kí á máa fi wọn bí ilé ìwòsàn ṣe jìnnà sí ènìyàn, kì í ṣe kìlómítà.

Ní Ayétòrò àti àwọn ìlú etí òkun mìíràn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ará ìlú ń wọ̀ lọ sí Igbókọ̀dá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Bí ìrọbí bá le lóru, ìdílé aboyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ọlọ́kọ̀ tó mọ ojú omi nínú òkùnkùn, kí wọ́n sì tún wá owó epo. Ní Èkó, ilé ìwòsàn lè wà nítòsí, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lè sọ ọ̀nà kúkurú di ìrìn wákàtí gbáko. Síbẹ̀, ará Èkó ní ibòmíràn tó lè yà sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí ni pé ọ̀nà jíjìn ti ń ṣe aboyún ní jàǹbá kí ó tó gbéra nílé rárá. Ní ọdún 1994, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine tẹ ìwádìí kan jáde tó pín ìdádúró náà sí mẹ́ta: kí ìdílé tó pinnu láti wá ìtọ́jú, kí wọ́n tó dé ibẹ̀, àti kí wọ́n tó rí ìtọ́jú gbà. Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà jìn, tó sì ń fura pé òun lè má bá dókítà lẹ́nu iṣẹ́, kì í tètè pinnu. Ẹ má ṣe yára pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní aláìmọ̀kan. Ó ti ṣírò rẹ̀ ni.

Àwọn ìdádúró wọ̀nyí ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímìkò, dojú kọ nígbà tí ó dá ètò Abíyẹ sílẹ̀ ní ọdún 2009, tí ó sì fi ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún aboyún ní fóònù tí yóò fi máa pe òṣìṣẹ́ ìlera tí a yàn fún un, òṣìṣẹ́ náà a sì máa bẹ̀ ẹ́ wò nílé. Lójú tiwa, fóònù yẹn ṣe pàtàkì ju ilé tuntun lọ, nítorí pé aboyún mọ ẹni tí yóò dáhùn. Ilé ìwòsàn tó wà nínú wọ́ọ̀dù, tí kò sí agbẹ̀bí níbẹ̀ lóru, kò sàn ju èyí tó wà ní ìlú mìíràn lọ.

Òògùn náà lè dín ewu ọ̀nà kù. Ní ọdún 2006, àjọ NAFDAC fọwọ́ sí lílo misoprostol fún ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Oníhóró ni, kò sì nílò ẹ̀rọ amóhuntutù bíi ti abẹ́rẹ́ oxytocin. Ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ẹ̀jẹ̀ gbígbà tàbí iṣẹ́ abẹ.

Àwọn agbẹ̀bí ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn pé kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé, kí wọ́n ti bá awakọ̀ tàbí ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ṣàdéhùn, kí wọ́n tọ́jú owó ọkọ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n sì mọ ẹni tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.