Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Kì í Pa Arọ Tó Bá Gbọ́n: Ẹ̀kọ́ Láti Ilẹ̀ Bángládẹ́ṣì

Òwe tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àwọn àgbà ní, "Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n." A máa ń pa á fún ẹni tí a ti kìlọ̀ fún, kí ó má baà sọ lọ́la pé òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pa òwe náà láìro ohun tó wà nínú rẹ̀ jinlẹ̀. A ó kọ́kọ́ tú òwe yìí palẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó fi ohun tí ojú àwọn ará Bángládẹ́ṣì rí lọ́wọ́ ìjì òkun ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìtàn wọn fi hàn bí òwe yìí ṣe ń ṣẹ, àti ìdí tí kì í fi í ṣẹ nígbà mìíràn.

Ìtumọ̀ òwe náà

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló gbé òwe yìí dúró. Èkíní ni "ogun". Ogun kì í ṣe ti ọfà àti ìbọn nìkan. Ohunkóhun tó bá lè já lu ìlú kí ó sì sọ ilé di ahoro, ogun ni lójú Yorùbá. Ogun ni ìyàn, ogun ni àjàkálẹ̀ àrùn, ogun sì ni omíyalé. Èkejì ni "àgbọ́tẹ́lẹ̀", èyí tó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti rí i, ó ti wí, etí sì ti gbọ́ kí ọjọ́ tó pé. Ẹ̀kẹta ni "arọ", ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e sáré.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní ilé-ìwé girama, akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Sà, báwo ni ẹni tí kò lè rìn ṣe fẹ́ sá fún ogun?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé arọ kò ní bá ẹlẹ́sẹ̀ méjì sáré lọ́jọ́ ogun. Ọgbọ́n rẹ̀ ni kí ó ti kúrò nílé nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń jẹun lọ́wọ́, kí ó ti mọ ibi tí òun ń lọ, kí ó sì ti bá ẹni tí yóò gbé e sọ̀rọ̀.

A jẹ́ pé ohun mẹ́ta ni arọ nílò kí òwe yìí tó lè ṣẹ sí i lára: ìkìlọ̀ tó tètè dé etí rẹ̀ tó sì yé e, ibi ààbò tí kò jìnnà jù, àti èèyàn tí yóò ràn án lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ogun náà lè pa á, bó ti wù kí ó gbọ́n tó.

Ta ni arọ lóde òní?

Àwọn àgbà tún ní, "Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní òrùlé ni eji ń rí jù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ rí. Èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì tí ọmọ aráyé ti ń sun láti ọjọ́ pípẹ́ ti mú kí ooru ayé pọ̀ sí i. Omi òkun ń gbóná, ó sì ń ga. Inú omi òkun tó gbóná ni ìjì líle ti ń rí agbára.

Èèyàn tó wà ní Bángládẹ́ṣì lé ní 165 mílíọ̀nù, síbẹ̀ èéfín tí gbogbo wọn ń tú sí ojú ọ̀run kò tó ìdá kan nínú 100 ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹnu odò Ganges àti Brahmaputra ni ilẹ̀ wọn wà. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju ojú òkun lọ. Àgbẹ̀ àti apẹja tó ń gbé etíkun yẹn ni arọ inú òwe wa. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ wọn rọ. Àìlówó àti ibi tí wọ́n ń gbé ni kì í jẹ́ kí wọ́n lè tètè sá.

Bí ogun náà ṣe jà

Ní òru ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1970, ìjì ńlá kan ti omi òkun wọ ilẹ̀ náà, nígbà tó ṣì jẹ́ apá kan orílẹ̀-èdè Pakísítáànì. Ó kéré tán, èèyàn 300,000 ló kú, àwọn mìíràn sì ṣírò rẹ̀ dé 500,000. Kò sí ìjì òkun mìíràn tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó rí ìjì náà lókèèrè. Wọ́n rí i, rédíò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yé ọ̀pọ̀ ará etíkun, kò sì sí ibi gidi tí wọ́n lè sá sí. Ogun náà ní akéde, ṣùgbọ́n kò tíì di àgbọ́tẹ́lẹ̀.

Bángládẹ́ṣì di orílẹ̀-èdè olómìnira ní 1971. Ní 1972, àjọ Red Cross dá ètò ìmúrasílẹ̀ de ìjì sílẹ̀ níbẹ̀, ìjọba sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1973. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n yàn láti ṣe iṣẹ́ náà láìgba owó. Bí ìròyìn ìjì bá ti dé láti olú-ìlú, wọn a ta àsíá sókè. Àsíá kan ń kìlọ̀, méjì ń sọ pé ewu ń bọ̀, mẹ́ta ń sọ pé ewu ńlá ti dé tán. Wọn a mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọn a sì máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò ka àsíá, ẹni tí kò ríran yóò gbọ́ ohùn.

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ǹjẹ́ èyí kò jọ iṣẹ́ akéde ìlú tiwa, tó máa ń lu agogo kiri àdúgbò lálẹ́? Èèyàn a máa gba ọ̀rọ̀ gbọ́ bó bá jẹ́ ẹni tí òun mọ ilé bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́.

Ìkìlọ̀ nìkan kò tó

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1991, ìjì mìíràn tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ìkìlọ̀, síbẹ̀ nǹkan bí 138,000 ló kú. Kí ló fà á? Ilé ààbò kò tó nǹkan. Ohun kejì tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí a fi ọkàn sí: àwọn obìnrin tó kú pọ̀ ju ọkùnrin lọ fíìfíì. Láàárín ọkùnrin, lọ́jà àti níta, ni ìkìlọ̀ máa ń kọ́kọ́ dé. Ìyá ọmọ wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ àti arúgbó, ó ń retí kí baálé dé kí ó tó jáde. Aṣọ gígùn tó wé mọ́ ara kò sì jẹ́ kí ó lè lúwẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn kọ̀ láti lọ nítorí pé kò sí yàrá ọ̀tọ̀ fún obìnrin ní ilé ààbò. Ọgbọ́n kọ́ ni wọ́n ṣe aláìní. Ọ̀nà ni wọn kò rí.

Ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ni wọ́n fi tún ètò náà ṣe. Wọ́n kọ́ ilé ààbò púpọ̀ sí i, sórí òpó gíga kí omi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà ọmọdé mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Wọ́n ya ibi ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú àwọn ilé tuntun. Wọ́n tún mọ òkìtì gíga fún màlúù, nítorí pé tálákà kì í fẹ́ fi ẹran ọ̀sìn kan ṣoṣo tó ní sílẹ̀ lọ. Lónìí, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn nínú ètò yìí lé ní 76,000, ìdajì wọn sì jẹ́ obìnrin, tí wọ́n lè wọ inú ilé lọ bá obìnrin ẹlẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ wo èso rẹ̀. Ìjì líle tí wọ́n sọ ní Sidr jà ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, àwọn tó kú jẹ́ nǹkan bí 3,400. Ìjì Amphan jà ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló ti kúrò nílé kí ó tó dé, àwọn tó kú ní Bángládẹ́ṣì kò sì tó 40. Ẹ̀mí kan kò ṣe é fi ṣeré, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín 300,000 àti 40 kì í ṣe kékeré.

Lẹ́yìn tí ìjì bá lọ

Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ikú yóò jẹun. Omi iyọ̀ tí òkun ń tì wọ inú oko ń ba ilẹ̀ jẹ́, nítorí náà àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn ibẹ̀ ti mú irú ìrẹsì tó lè fara da iyọ̀ jáde, bí èyí tí wọ́n ń pè ní BRRI dhan47.

Ní ibi tí omi odò máa ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn àgbẹ̀ ń lo ọgbọ́n àwọn baba ńlá wọn. Wọn a kó ewéko orí omi, tó fara jọ ojú oró tiwa, jọ lé ara wọn títí yóò fi nípọn. Wọn a wá gbin ẹ̀fọ́ sórí rẹ̀. Bí omi bá ga, oko a bá a ga. Ní 2015, àjọ FAO ka ọgbọ́n yìí kún ogún iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ṣe pàtàkì lágbàáyé. Èyí fi yé wa pé ẹni tó fẹ́ ran tálákà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tí tálákà náà ti mọ̀.

Kò tán síbẹ̀ ṣá o. Ilé ààbò kì í gbé oko pamọ́, ìrẹsì tó ń fara da iyọ̀ náà sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìdí nìyí tí owó ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó tú èéfín jù fi jẹ́ ẹ̀tọ́, tí kì í ṣe àánú.

Àwa ńkọ́?

Ní 2022, omíyalé pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò ti kìlọ̀ ṣáájú nínú ọdún yẹn pé omi ń bọ̀. Ogun náà ti ní akéde. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí a tẹ̀ sínú ìwé ní Àbújá kò tíì di àgbọ́tẹ́lẹ̀ fún ìyá àgbà tó ń gbé etí odò, àfi bí ẹnì kan bá bá a sọ ọ́ ní èdè abínibí rẹ̀, tó sì fi ibi tí yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà hàn án.

Nítorí náà, nígbà tí a bá tún ń pa òwe yìí, ẹ má jẹ́ kí a fi dá arọ nìkan lẹ́bi. Bí ogun tí a ti rí tẹ́lẹ̀ bá pa arọ, kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹnì kan sọ fún un, bóyá ibi ìsásí wà, àti ẹni tó yẹ kí ó gbé e tí kò gbé e. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù wo àdúgbò rẹ̀, kí ó mọ ẹni tó jẹ́ arọ níbẹ̀, kí ó sì mọ ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀.