Ìwọ̀n Ìró àti Ìpanumọ́: Ọ̀rọ̀ Méjì Nínú Ètò Ìró Kọ̀ǹpútà

Ọdún 1998 ni Jaroslav Kysela bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ALSA, ètò tí ó ń darí káàdì ìró nínú kọ̀ǹpútà Linux. Ẹni tí ó bá tẹ àṣẹ ‘amixer set Master 50%’ ti gbé ìwọ̀n ìró dé ìdajì. Síbẹ̀ ẹ̀rọ lè má fọhùn rárá. Nínú alsamixer, àmì MM lábẹ́ ọ̀pá ìwọ̀n fi hàn pé a ti pa ọ̀nà ìró náà lẹ́nu mọ́, bí ọ̀pá náà tilẹ̀ kún dé òkè. ‘amixer set Master unmute’ ni ó ń ṣí i.

Ògbufọ̀ tí ó bá lo ‘ìdákẹ́’ fún òdo àti fún MM yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò sọ ohun tí ó fa ìdákẹ́. ‘Ìpanumọ́’ ni ó yẹ MM: ẹni tí a pa lẹ́nu mọ́ kò sọ ohùn rẹ̀ nù.

Ti orúkọ irinṣẹ́ náà ńkọ́? ‘Apòrópọ̀’ tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì ju iṣẹ́ lọ. Ìwọ̀n ni amixer ń yí, kì í po ìró pọ̀; ‘ayíwọ̀n-ìró’ sàn jù. ‘Fi pamọ́’ tó fún alsactl store, tí ó ń kọ gbogbo ìṣètò náà sínú fáìlì asound.state.