Ìjọba Ẹ̀gbá àti Owó Ibodè

Ẹni tí ó bá dúró ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí ó wà ní Láfẹ́nwá lè má mọ̀ pé ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀ ti wà lábẹ́ ìjọba tí ó dá dúró gedegbe, tí ó ń bá Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn.

Ní 1830 ni Ṣódẹkẹ́ ṣe aṣáájú àwọn Ẹ̀gbá wá sí abẹ́ òkè Olúmọ. Wọn kò tètè fi Aláké jẹ; àwọn Ológun àti àwọn Ògbóni ni ó ń ṣe àkóso, títí di 1854 tí Òkúkẹ́nù fi gorí oyè. Aláké nìkan kọ́ ni ọba, nítorí Ọṣilẹ̀ wà ní Òkè-Ọnà, Àgùrá wà ní Gbágùúrá, Olówu sì wà ní Òwu. Ọ̀rọ̀ ọjà wà lọ́wọ́ àwọn Pàràkòyí.

Owó ibodè ni ó ń bọ́ ìjọba yìí. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni epo, èkùrọ́ àti òwú ń gbà kọjá lọ sí Èkó, àwọn oníbodè a sì gba owó lórí ẹrù. Bí inú bá bí àwọn Ẹ̀gbá, wọn a ti ọ̀nà, ara a sì ni àwọn oníṣòwò Èkó.

Ní 1893, Gómìnà Carter fọwọ́ sí i pé òmìnira ni wọ́n. Ní 1898, wọ́n dá Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá sílẹ̀, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní ni olórí rẹ̀. Òun náà ni ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1904. Wọ́n yá ìjọba Èkó ní ilẹ̀ tí ojú irin yóò gbà, kí a má ṣe gbàgbé èyí, nítorí láti ìgbà náà ni àlejò ti ní ẹsẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n ojú irin kó èrè wá pẹ̀lú. Aṣọ funfun láti òkè òkun di púpọ̀ lọ́jà, àwọn obìnrin aláró sì ń rẹ ẹ́ sínú ẹ̀lú. Wọ́n a fi ìko di ti oníko. Ti ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya àwòrán sí i lára, kí aró má baà mú ibẹ̀. Títí dé Gánà ni àdìrẹ Abẹ́òkúta ń lọ.

Ní 1914, lẹ́yìn tí àwọn sójà ti pa ènìyàn ní Ìjemọ̀, òmìnira náà dópin. Ní 1918, owó orí rọ́pò owó ibodè. Àwọn ará oko dìde ní Ogun Àdùbí, wọ́n hú irin ọ̀nà rélùwéè, wọ́n gé wáyà. Àwọn sójà ṣẹ́gun wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú. Owó orí kò kúrò, ibodè kò sì padà.