Ọdún Àwa Mùsùlùmí ní Ilẹ̀ Gbogbo: Ohun Tí Ó Jẹ́ Ọ̀kan àti Ohun Tí Ó Yàtọ̀

  

 Ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí ni nǹkan kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa. Ní ọjọ́ tí a wọlé lẹ́yìn ọdún Iléyá, a ní kí àwọn ọmọ dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi èdè Lárúbáwá sọ bí wọ́n ṣe ṣe ọdún. Ọ̀kan sọ pé àgbò méjì ni bàbá òun pa. Èkejì ní ìwo àgbò tiwọn gùn ju apá òun lọ. Nígbà tí ó kan ọmọ kan, ó dìde, kò sọ nǹkan kan. Ẹlòmíràn ni ó bá a dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Àáfà, àwọn kò ṣọdún, bàbá wọn kò pa ẹran." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jókòó, ó sì dorí kodò títí aago fi lù.

A bá wọn wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. A bi ara wa léèrè pé, ta ni ó kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí pé ẹran ni ọdún? Kì í ṣe ẹlòmíràn, àwa àgbà ni. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí a jọ wo bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣe ọdún káàkiri ayé, kí a lè mọ ohun tí ó jẹ́ ti ẹ̀sìn nínú rẹ̀, àti ohun tí ó jẹ́ ti àṣà.

IBI TÍ ỌDÚN MÉJÈÈJÌ TI ṢẸ̀

Nígbà tí Ànábì wa (S.A.W.) dé ìlú Mẹdínà, ó bá wọn pẹ̀lú ọjọ́ méjì tí wọ́n máa ń fi ṣeré. Anas ọmọ Malik ni ó gba hádíìsì náà wá, Abu Dawud sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ànábì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Ọlọ́hun ti fi ọjọ́ méjì tí ó lóore jù bẹ́ẹ̀ lọ pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn: ọjọ́ Ìtúnu Àwẹ̀, tí í ṣe ọjọ́ kìíní oṣù Shawwal, àti ọjọ́ Iléyá, tí í ṣe ọjọ́ kẹwàá oṣù Dhul-Hijja.

Oṣù ojú ọ̀run ni a fi ń kà á. Ọdún Hijira sì fi nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 kéré sí ọdún àwọn òyìnbó. Ìdí nìyí tí ọdún wa kì í fi í dúró sójú kan. Iléyá tí ó bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ní 2024, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ni ó bọ́ sí ní ilẹ̀ wa ní 2025. Ẹni tí ó bá pẹ́ láyé yóò ṣe é nínú òjò, yóò ṣe é nínú ọyẹ́, yóò sì ṣe é nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

OHUN TÍ Ó JẸ́ Ọ̀KAN

Ibi yòówù tí Mùsùlùmí bá wà, àwọn nǹkan kan wà tí kì í yí padà. A ó wẹ̀, a ó wọ aṣọ tí ó dára jù nínú èyí tí a ní, a ó máa gbé Ọlọ́hun tóbi bí a ti ń lọ sí Yídì, a ó kírun raka méjì, a ó sì gbọ́ wáàsí Lèmọ́mù. Súnnà ni kí a gba ọ̀nà kan lọ, kí a gba ọ̀nà mìíràn bọ̀. Ní ọjọ́ Ìtúnu Àwẹ̀, Ànábì a máa jẹ dàbínù díẹ̀ kí ó tó jáde nílé. Ní ọjọ́ Iléyá, kì í jẹun títí yóò fi dé, kí ó lè jẹ nínú ẹran tí ó pa.

Ẹ jẹ́ kí a fojú sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí dáadáa. Kí a tó lọ kírun Ìtúnu Àwẹ̀, oúnjẹ ti gbọ́dọ̀ jáde ní ilé wa lọ sí ilé aláìní. Èyí ni Sàká Ìtúnu Àwẹ̀: ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹ́rin lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọdé àti àgbà, láti inú oúnjẹ tí àwọn ará ìlú ń jẹ. Bákan náà ni ti Iléyá. Àwọn onímọ̀ kan fẹ́ kí a pín ẹran náà sí mẹ́ta. Ní mazhab Maliki tí àwa ń tẹ̀lé, kò sí òṣùwọ̀n kan pàtó. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí á jẹ níbẹ̀, kí á fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, kí á sì fi ṣe sàráà. A kò gbọdọ̀ ta nǹkan kan nínú rẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ fi awọ tàbí orí rẹ̀ san owó iṣẹ́ fún ẹni tí ó bá wa pa á.

Ní ọdún kan ní ayé Ànábì, àwọn aláìní ya wọ Mẹdínà nígbà Iléyá nítorí ìyàn. Ànábì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ́jú ẹran kọjá ọjọ́ mẹ́ta, kí ó lè kárí. Nígbà tí ọdún mìíràn dé tí ìyà náà ti kúrò, ó gbà wọ́n láàyè láti tọ́jú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ebi tí ń pa aládùúgbò ni Ànábì kọ́kọ́ wò, kí ó tó wo ìkòkò onílé?

OHUN TÍ Ó YÀTỌ̀

Lẹ́yìn èyí, àṣà ìlú kálukú ni ó kù. Ẹ̀sìn kò kọ àṣà, bí kò bá ti tako òfin Ọlọ́hun.

Ní ilẹ̀ Indonesia, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí jù lọ ní àgbáyé, Lebaran ni wọ́n ń pe ọdún Ìtúnu Àwẹ̀. Bí ó bá ti ń súnmọ́, àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá yóò di ẹrù wọn, wọn yóò forí lé ilé. Mudik ni wọ́n ń pe ìrìn-àjò yìí. Ní 2024, ìjọba wọn fojú bù ú pé àwọn tí yóò rìn ín tó mílíọ̀nù 193. Bí wọ́n bá délé, àwọn ọmọ yóò kúnlẹ̀ níwájú òbí láti tọrọ àforíjì gbogbo àṣìṣe ọdún. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò jẹ ketupat, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n sè nínú imọ̀ àgbọn tí wọ́n hun bí àpò kékeré.

Ní ilẹ̀ Tọ́kì, àwọn ọmọdé a máa fẹnu ko ọwọ́ àgbà, wọn a sì gbé ọwọ́ náà kan iwájú orí wọn. Àgbà a fún wọn ní mínítì tàbí owó. Nítorí nǹkan dídùn wọ̀nyí ni àwọn kan ṣe ń pe Ìtúnu Àwẹ̀ ní ọdún ṣúgà níbẹ̀. Ní Íjíbítì, ìyá, ọmọ àti àbúrò a péjọ ṣe kahk, bisikíìtì roboto tí wọ́n ń bu ṣúgà lé lórí. Bí ó bá wá di Iléyá, fatta ni wọ́n ń sè: ìrẹsì, búrẹ́dì gbígbẹ, omi ẹran àti aáyù. Ní Pakísítáànì àti Íńdíà, ní alẹ́ tí wọ́n bá rí oṣù, àwọn obìnrin a máa lé làálì sí ọwọ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa náà ti ń ṣe. Ní òwúrọ̀, wọn a mu wàrà tí wọ́n fi dàbínù sè pẹ̀lú ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọ́n fà tín-ín-rín bí òwú.

Ní ilẹ̀ Senegal, Tabaski ni wọ́n ń pe Iléyá. Níbẹ̀, Mùsùlùmí a máa gbé ẹran ọdún fún aládùúgbò rẹ̀ tí í ṣe Kìrìsìtẹ́nì. Bí ó bá di ìgbà ọdún Àjíǹde, àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà a ṣe ngalax, oúnjẹ tí wọ́n fi jéró, ẹ̀pà àti èso igi oṣè ṣe, wọn a sì gbé e wá fún Mùsùlùmí. Èyí kò ṣàjèjì sí wa ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọmọ ìyá kan náà ti lè lọ sí mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Kánò, àwọn ẹlẹ́ṣin a máa jáde fi ẹṣin jó níwájú Ẹmia. Ní oṣù kejìlá 2024 ni UNESCO fi Hawan Sallah ti Kánò kún àwọn àṣà tí ayé ń dáàbò bò. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó fi ààyè ẹ̀sìn gbà wọ́n. Lónìí, gbogbo ìlú ni ó ni ín.

Àwa Yorùbá náà ti fi orúkọ ọdún sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wa. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní ọdún ẹran pípa. Àwa pè é ní Iléyá: ilé yá, ó tó àkókò láti lọ bá àwọn ènìyàn ẹni. Àwọn bàbá wa kò fi àgbò sọ ọ́ lórúkọ, ilé ni wọ́n fi sọ ọ́.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ MÒRÓKÒ

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sórí ọmọ tí ó dorí kodò. Àwọn ará Mòrókò fẹ́ràn ẹran Iléyá púpọ̀. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi ọ̀rá wé, tí wọ́n ń yan lórí iná, wọn a sì fi iyọ̀ sá ìyókù gbẹ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2025, Ọba wọn, Mohammed VI, kọ ìwé sí àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má pa ẹran lọ́dún náà. Ọ̀dá ti jà fún ọdún púpọ̀, agbo àgùntàn ti dínkù gidigidi, owó ẹran sì ti di ohun tí ó ń ni mẹ̀kúnnù lára. Ọba ní òun yóò pa ẹran ní orúkọ gbogbo ìlú. Ọba Hassan Kejì, bàbá rẹ̀, ti ṣe irú rẹ̀ ní 1996 nítorí ọ̀dá bákan náà.

Ṣé àwọn ará Mòrókò kò wá ṣọdún ni? Wọ́n ṣọdún. Wọ́n lọ sí Yídì, wọ́n kírun, wọ́n sì kí ara wọn.

Ọba náà kò dá ọgbọ́n yìí dá. Ó wà nínú hádíìsì pé Ànábì wa (S.A.W.) pa àgbò ní orúkọ ara rẹ̀ àti ará ilé rẹ̀, ó sì pa fún àwọn tí kò rí ẹran pa nínú ìjọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò rí àgbò rà kò sí lẹ́yìn odi ọdún. Ànábì ti ka òun náà mọ́ àwọn tí ó pa ẹran fún, kí a tó bí bàbá bàbá rẹ̀. Ta wá ni ẹni tí yóò fi í rẹ́rìn-ín?

Ẹ̀yin òbí, ẹni tí ó bá ní agbára ni ẹran Iléyá wà fún. Súnnà tí ó lágbára ni, kí ẹni tí ó ní má ṣe fi jáfara. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kò yẹ kí á yá owó èlé, èyí tí Ọlọ́hun kọ̀, láti fi ṣe ohun tí Ọlọ́hun fẹ́. Kò yẹ kí á fi owó ilé-ìwé ọmọ ra àgbò kí aládùúgbò lè gbọ́ igbe rẹ̀. Ọlọ́hun ti jẹ́ kó yé wa nínú Súrá Hajj pé ẹran náà àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ Òun, ìpáyà Rẹ̀ tí ó wà lọ́kàn wa ni ó ń dé ibẹ̀.

Ẹni tí ó sì pa ẹran, kí ó rántí pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Kí ó tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí ó wo ilé tí kò sí èéfín. Kí ó gbé e lọ ní kùtùkùtù, kí ó gbé èyí tí ó dára, kì í ṣe egungun, kí ó sì rán ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ìkíni, kí ojú má baà ti ẹni tí ó ń gbà á.

Ní tiwa, a ti yí ìbéèrè wa padà ní kíláàsì. Bí a bá ti ọdún dé, a kì í bi àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n pa mọ́. Ohun tí a ń bi wọ́n ni pé: ta ni ẹ lọ kí, ta ni ẹ sì gbé oúnjẹ fún? Kò sí ọmọ tí kò ní ìdáhùn sí èyí, nítorí pé ẹni tí kò gbé ẹran rí omi gbé fún arúgbó.

A bẹ Ọlọ́hun kí Ó gba ìjọsìn wa, kí Ó fi ọwọ́ tí ń fúnni jíǹkí wa, kí Ó sì jẹ́ kí a tún ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé pẹ̀lú ará ilé wa. Ọdún á yabo. Àmín.