Òkúta Ẹ̀yìn Táyà Kì Í Ṣe Bíréèkì

Bí ẹ bá dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba tàbí lẹ́bàá ọjà Mushin, ẹ óò rí ohun kan tí ó ti mọ́ gbogbo wa lójú jù. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan yóò dúró láti já ẹrù. Kí awakọ̀ tó pa ẹ́ńjìnnì, mọ́tò-bọ́ì yóò ti bẹ́ sílẹ̀, yóò sì fi òkúta tàbí igi há táyà ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ìdí rẹ̀. A ti gbà pé bí ọkọ̀ bá ti dàgbà, háńbíréèkì rẹ̀ ti kú nìyẹn.

Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Òkúta lè yọ̀, igi lè fọ́, ẹni tí ó sì ń fi wọ́n há táyà wà lẹ́yìn ọkọ̀ gan-an ní àkókò tí ọkọ̀ náà lè yí padà sẹ́yìn. Ọmọ ẹnìkan ni. Àwọn ọmọ wa pàápàá ń ṣeré lẹ́yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà ilé, ọgbà ilé-ìwé àti ọgbà ìjọ, níbi tí wọ́n ti ń já àga àti ìlù sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí bàbá, ìyá àti àwọn ọ̀dọ́ mọ bí a ṣe ń wá ìdí àìsàn bíréèkì ẹ̀yìn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí à ń sọ yìí jẹ́ Peugeot 504. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Kàdúná, píkọ́ọ̀pù 504 sì jáde ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1979. Bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ni ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, bí ó ti wà ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ píkọ́ọ̀pù Toyota àti Datsun ìgbà náà.

BÍRÉÈKÌ KAN, ẸNU-Ọ̀NÀ MÉJÌ

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé, nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, bíréèkì ẹ̀yìn àti háńbíréèkì kì í ṣe ohun méjì. Nínú dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn irin roboto tí ó ń bá táyà yí, ṣúù méjì wà tí wọ́n tẹ̀ bí oṣù tuntun, tí a lẹ láínìn mọ́ lẹ́yìn. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, ọ́ìlì bíréèkì yóò ti inú màstà sílíńdà wá sínú sílíńdà kékeré tí ó wà ní ìdí táyà, èyí yóò sì ti ṣúù méjèèjì jáde kí láínìn lè gbá dúrọ́ọ̀mù mú. Bí ẹ bá fa háńbíréèkì, wáyà ni yóò fa irin kan nínú dúrọ́ọ̀mù kan náà, irin náà yóò sì ti ṣúù kan náà.

Nítorí náà, bí háńbíréèkì kò bá mú mọ́, tí mẹkáníìkì sì sáré wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ láti fún wáyà, ẹ rọra bi í léèrè ohun tí ó rí nínú dúrọ́ọ̀mù. A kì í fi ète sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí láínìn bá ti jẹ tán, wáyà tí a fún kàn ń bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ ni. Ó lè mú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà tí ó le jù yóò máa fa ṣúù nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Dúrọ́ọ̀mù yóò gbóná, láínìn yóò sì jóná.

OHUN TÍ ẸSẸ̀ YÍN YÓÒ SỌ FÚN YÍN

Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kan, ẹ tẹ pẹ́dà bíréèkì nígbà tí ọkọ̀ dúró. Bí ó bá wọlé jìnnà ní ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tí ó gòkè nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra, ṣúù ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù nìyẹn. Bí ó bá rọ̀ bí fóòmù, afẹ́fẹ́ ti wọ inú ọ́ìlì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí ó sì ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ń jò níbì kan, tàbí kí màstà sílíńdà ti bàjẹ́. Ẹ má ṣe gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde.

Ẹ wo wáyà náà pẹ̀lú. Omi àgbàrá Èkó a máa wọ inú rọ́bà rẹ̀, yóò dípẹtà, kò ní lè padà sẹ́yìn mọ́. Bí ẹ bá ti sọ háńbíréèkì sílẹ̀ tí táyà ẹ̀yìn kan ṣì wúwo láti yí, tàbí tí ó gbóná ju èkejì lọ, ẹ fura sí i.

Ẹ ṢÍ I WÒ

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ibí yìí ni igi ti wúlò: ẹ fi há táyà iwájú méjèèjì, kí ẹ tó sọ háńbíréèkì sílẹ̀. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ó dúró lórí jáàkì nìkan. Ẹ gbé e lé irin tí ó lágbára. Ẹ tú ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, kí èkejì lè máa fi hàn yín bí sípíríǹgì ṣe jókòó.

Ẹ má ṣe fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù. Àwọn láínìn àtijọ́ ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹ fi àkísà nù ún.

Bí ẹ bá rí ohun tútù lórí ṣúù, ẹ mọ irú rẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì kì í ki, ó sì máa ń bó ọ̀dà. Sílíńdà ló ń jò. Ọ́ìlì gíà ki, òórùn rẹ̀ sì le. Ọ́ìlì síìlì ìdí táyà ló ti jẹ. Bí ẹ bá pààrọ̀ ṣúù tí ẹ kò dí ibi tí ó ń jò, owó yín ti ṣòfò. Láínìn tí ọ́ìlì ti mu kò ṣe é fọ̀. Èyí tí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan rífẹ́ẹ̀tì, tàbí tí kò tó mílímítà 1.5 mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní táyà méjèèjì. Ẹ wọn dúrọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú. A sábà máa ń kọ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá sí ara rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń TÒ Ó PADÀ

Ẹ má ṣe fi pẹtiróòlù fọ rọ́bà sílíńdà, ẹ má sì ṣe da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú agolo bíréèkì. Méjèèjì ń wú rọ́bà. DOT 3 tàbí DOT 4 tí olùṣe ọkọ̀ sọ ni kí ẹ lò, láti inú agolo tí a kò tíì ṣí, nítorí pé ọ́ìlì yìí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C. Èyí tí omi ti wọ̀ lè hó ní 140°C.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ̀lé ètò yìí. Ẹ dẹ wáyà háńbíréèkì sílẹ̀ pátápátá. Ẹ yí ajọ́sítà, èyí tí ń sún ṣúù mọ́ dúrọ́ọ̀mù, títí tí táyà kò fi ní yí mọ́, kí ẹ wá dá a padà títí tí yóò fi yí pẹ̀lú ìró fífà díẹ̀. Ẹ fa afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ tẹ pẹ́dà ní ìgbà mélòó kan. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó fún wáyà, kí háńbíréèkì lè mú ní nǹkan bí ìró 4 sí 8 bí ẹ ti ń fà á, tàbí bí ìwé ọkọ̀ yín bá ṣe sọ.

Bí ẹ bá ń lọ sí Ládípọ̀ ra ẹ̀yà ọkọ̀, ẹ mú ṣúù àtijọ́ dání, kí ẹ fi wé tuntun. Dúrọ́ọ̀mù tòkúnbọ̀ lè dára bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pé. Ṣúù, rọ́bà àti ọ́ìlì, tuntun ni kí ẹ rà.

Níkẹyìn, ẹ wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tí kò sí ènìyàn tàbí ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fa háńbíréèkì, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀ lórí pẹ́dà. Ẹ dojú ọkọ̀ kọ òkè, ẹ tún dojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀. Bí kò bá yẹsẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ di ẹrù díẹ̀ sí i, kí ẹ tún dán an wò, nítorí pé ọkọ̀ tí ó ru ẹrù ni ó ń wá bíréèkì ẹ̀yìn jù lọ.